ONÍGÒJÉ ORÍ ÒRÙLÉ: Sinimá Abúlé Àwọn Júù àti Àwa Òbí Tó Wà ní Warri

Àwọn olóòtú ìwé ìrántí wa ní kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí sinimá kan tó yẹ kí bàbá, ìyá àti ọmọ jọ jókòó wò. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yóò máa retí fíìmù Yorùbá. Àwọn fíìmù Túndé Kèlání bíi Ṣaworoidẹ àti Agogo Èèwọ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa, a sì ti sọ̀rọ̀ lórí wọn títí. Èyí tí mo mú lọ́tẹ̀ yìí kò ní ọmọ Yorùbá kan ṣoṣo nínú. Abúlé àwọn Júù ni ìtàn rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, ní ilẹ̀ tí a mọ̀ sí Ukraine lónìí, tó wà lábẹ́ ọba Rọ́ṣíà ní ọdún 1905. Orúkọ rẹ̀ ni Fiddler on the Roof. Ẹni tó bá mọ orin sákárà mọ gòjé, nítorí náà àwa lè pè é ní Onígòjé Orí Òrùlé.

Ìdí tí mo fi mú un kò jìnnà. Àwa mélòó kan jọ wò ó nínú ilé ẹnì kan ní Effurun, ìjà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́ sílẹ̀ nígbà tó parí. Bàbá kan wà láàárín wa tí ọmọ Urhobo ń fẹ́ ọmọbìnrin rẹ̀. Bàbá yìí nawọ́ sí tẹlifíṣọ̀n, ó ní, “Ẹ ò rí ọkùnrin yẹn? Ohun tó yẹ kí bàbá ṣe ló ṣe yẹn!” Ìyàwó rẹ̀ kò fèsì. Ó kàn kó àwo tó wà nílẹ̀, ó gba ilé ìdáná lọ. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí kò ti kúrò lọ́kàn mi. Èrò mi ni pé bàbá wa ṣi sinimá náà gbọ́. Èrò mi sì tún ni pé sinimá náà fúnra rẹ̀ ní ẹ̀bi díẹ̀ nínú àṣìgbọ́ ọ̀hún. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé nìyẹn.

ÌTÀN NÁÀ NÍ ṢÓKÍ

Tevye ni orúkọ bàbá tí ìtàn yìí dá lé lórí. Màlúù ló ń sìn, ó sì ń ta wàrà àti wàràkàṣì kiri abúlé Anatevka. Ẹṣin rẹ̀ ń tiro, nítorí náà òun fúnra rẹ̀ ló ń fa kẹ̀kẹ́ ẹrù bí àwọn ọmọlanke ṣe ń fa tiwọn nínú ọjà Igbudu. Golde ni ìyàwó rẹ̀. Ọmọbìnrin márùn-ún ni wọ́n bí, wọn kò bí ọkùnrin. Ní abúlé yẹn, alárinà ló ń bá òbí wá ọkọ fún ọmọ, bí ó ti rí nílẹ̀ wa láyé àtijọ́, bàbá ló sì ń fọwọ́ sí i.

Lazar Wolf, alápatà olówó kan tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, ní òun fẹ́ Tzeitel àkọ́bí. Bàbá gbà, wọ́n mu ọtí sí i, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Àṣé Motel télọ̀ ni ọmọ fẹ́, ọmọkùnrin tálákà tí kò tíì ní ẹ̀rọ ìránṣọ tirẹ̀. Nígbà tó kan ọmọ kejì, Hodel, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń bá ìjọba jà ló mú. Àwọn méjèèjì kò tiẹ̀ tọrọ àṣẹ mọ́, wọ́n ní kí bàbá kàn súre fún àwọn ni. Nígbà tó kan ẹ̀kẹta, Chava, ọmọ Rọ́ṣíà tó jẹ́ Kristẹni ló nífẹ̀ẹ́ sí, Fyedka ni orúkọ rẹ̀. Bàbá kọ̀ jálẹ̀. Ọmọ sá lọ, àlùfáà so òun àti Fyedka pọ̀. Tevye ní ọmọ náà ti kú lójú òun. Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí tí àṣẹ ìjọba fi dé pé kí gbogbo Júù abúlé náà ta ohun ìní wọn, kí wọ́n sì kúrò láàárín ọjọ́ mẹ́ta.

IṢẸ́ ÀWỌN TÓ ṢE É

Sholem Aleichem, òǹkọ̀wé Júù tó gbé ayé láti 1859 sí 1916, ló kọ ìtàn Tevye. Láti ọdún 1894 ló ti ń kọ ọ́ ní Yiddish, èdè tí àwọn Júù ibẹ̀ ń sọ nínú ilé. Ní ọdún 1964, Joseph Stein, Jerry Bock àti Sheldon Harnick sọ ọ́ di eré olórin ní New York. Nígbà tó di 1971, Norman Jewison, ọmọ ilẹ̀ Kánádà, sọ ọ́ di sinimá. Orúkọ ọkùnrin yìí jọ ti Júù, ṣùgbọ́n kì í ṣe Júù rárá. Mo sọ èyí nítorí àwọn tó máa ń sọ pé ọmọ onílé nìkan ló lè sọ ìtàn ilé. Àlejò tó bá fara balẹ̀, tó sì bọ̀wọ̀ fún onílé, lè rí ohun púpọ̀.

Topol, ọmọ ilẹ̀ Ísírẹ́lì, ló ṣe Tevye. Kò tíì ju nǹkan bí ọmọ ọdún 35 lọ nígbà náà, ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń rìn, bí ó ṣe ń fọwọ́ ti ìbàdí nígbà tí ó bá ń nàró, ẹ ó búra pé bàbá àgbà ni. Ilẹ̀ Yugoslavia ìgbà náà ni wọ́n ti ya á. Oswald Morris tó mú kámẹ́rà fi ìbọ̀sẹ̀ obìnrin bo ojú rẹ̀, kí gbogbo àwòrán lè ní àwọ̀ ilẹ̀, bí fọ́tò àtijọ́ tí a gbé kọ́ sára ògiri. Sinimá náà gba ẹ̀bùn Oscar mẹ́ta nínú mẹ́jọ tí wọ́n yàn án fún: ti àwòrán, ti orin àti ti ìgbóhùn. Ó gùn o! Wákàtí mẹ́ta gbáko ni. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ rí i pé epo wà nínú jẹnẹrétọ̀.

Ohun tó dára jù níbẹ̀ ni ọ̀nà tí Tevye ń gbà ronú. Ó máa ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà bí ẹni ń bá àna rẹ̀ ṣàwàdà. Bí ọmọ bá gbé ọ̀rọ̀ líle wá, kámẹ́rà á fa bàbá sẹ́yìn lójijì, á jìnnà réré sí àwọn ọmọ, á dá dúró, á sì máa dá sọ̀rọ̀. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ṣe é, ọwọ́ méjèèjì ló fi ń wọn ọ̀rọ̀: ọwọ́ kan sọ pé àṣà kò gbà á, ọwọ́ kejì sọ pé wo ojú ọmọ rẹ. Ní ti Tzeitel, ọwọ́ kejì borí. Ní ti Hodel, ọwọ́ kejì tún borí.

Ẹ tún wo ọgbọ́n tí bàbá yìí dá kí ìyá ọmọ lè gba Motel télọ̀. Ó fi igbe ta lóru, ó ní òun lálàá. Ó ní ìyá-ìyá Golde tó ti kú tọ òun wá, ó ní Motel ni ọkọ tó tọ́ sí ọmọ, àti pé ìyàwó alápatà tó ti kú náà wá halẹ̀ mọ́ òun. Golde gbà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ta ni nínú wa tí kò ní gbà? Àwọn ará ọ̀run ti sọ̀rọ̀. Ẹ̀rín pa gbogbo wa, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ńlá wà níbẹ̀. Inú àṣà náà gan-an ni Tevye ti mú kọ́kọ́rọ́ tó fi ṣí ilẹ̀kùn àṣà. Kò sọ pé àṣà kò dára, ó kàn mọ̀ pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

IBI TÍ MO TI BÁ SINIMÁ NÁÀ WÍ

Nígbà tó kan Chava, Tevye tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ọ̀rọ̀ wò lójú ọ̀nà. Ọmọ ń sunkún, ó ń bẹ̀ ẹ́. Bàbá gbé ọwọ́ kan, ó gbé èkejì. Lẹ́yìn náà ni ó pariwo pé kò sí ọwọ́ kejì mọ́. Ó yí padà, ó fa ẹrù rẹ̀ lọ, ọmọ ń pe bàbá lẹ́yìn. Ibí yìí ni bàbá wa tó wà ní Effurun ti pàtẹ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí sinimá náà kò sọ tó. Ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà nígbà náà, òfin kò gbà kí Júù fẹ́ ọmọ ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì, àfi bí Júù náà bá kọ ẹ̀sìn bàbá rẹ̀ sílẹ̀ tí ó sì ṣe ìrìbọmi. Láti 1791 ni ìjọba ti sé àwọn Júù mọ́ àwọn ìgbèríko kan, wọn kò sì lè gbé níbi tó bá wù wọ́n. Òfin 1882 tún há a mọ́ wọn pé wọn kò gbọdọ̀ lọ tẹ̀ dó sí abúlé tuntun. Wọ́n ti kọlù wọ́n ní 1881, wọ́n pa wọ́n ní Kishinev ní 1903. Nítorí náà, nígbà tí Chava wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì lọ, kì í ṣe ọkọ ẹ̀yà mìíràn nìkan ló fẹ́. Lójú bàbá rẹ̀, ó ti kọjá sọ́dọ̀ àwọn tó ń lé bàbá rẹ̀ kiri. Sinimá náà kò fi èyí hàn dáadáa. Ó fi Fyedka hàn bí ọmọ jẹ́jẹ́ tó fẹ́ràn ìwé kíkà, kò sì fún un ní ọ̀rọ̀ tó pọ̀ lẹ́nu. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn, ohun tí yóò rò ni pé bàbá kan kàn kọ àna nítorí pé kì í ṣe ẹ̀yà tirẹ̀.

Ẹ wá gbé e wá sí Warri. Ọmọ Urhobo tó ń fẹ́ ọmọ wa, ṣé ó ní kí ọmọ wa kọ Ọlọ́run rẹ̀ sílẹ̀ ni? Ṣé òfin kan wà tó ní kí ọmọ náà má pe bàbá rẹ̀ ní bàbá mọ́? Tàbí Itsekiri tí èdè rẹ̀ fara jọ tiwa, tí a fi ń gbọ́ ara wa díẹ̀díẹ̀, ṣé òun ni yóò lé wa jáde nínú ilé? Ọ̀rọ̀ Tevye kọ́ nìyẹn. Ohun tó ń ká wa lára ni pé owó orí lè yàtọ̀, pé ìdúró àti ìdọ̀bálẹ̀ lè yàtọ̀, pé ọmọ-ọmọ lè máà gbọ́ Yorùbá. Ìwọ̀nyí kì í ṣe ohun kékeré, n kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí alárinà tó mọṣẹ́ lè bá wa yanjú ni, kì í ṣe ohun tí a ń torí rẹ̀ sọ pé ọmọ ti kú.

Ohun kejì tí mo bá sinimá náà wí ni ti Golde. Òun ló jáde lọ wá ọmọ nígbà tí wọn kò rí i, òun ló tọ àlùfáà lọ, òun ló gbé ìròyìn wá bá ọkọ. Lẹ́yìn náà, bàbá sọ pé kí á gbàgbé ọmọ, ọ̀rọ̀ ìyá sì parí síbẹ̀. Bí wọ́n bá fún Golde ní ìṣẹ́jú márùn-ún péré kí ó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, à bá mọ ohun tí ìdájọ́ bàbá ná ilé. Ọjọ́ tí a wò ó, tí ìyá kan kó àwo lọ sí ilé ìdáná láìsọ̀rọ̀, mo ní, Golde mìíràn rèé.

Ẹ̀kẹta, ìwé tí Sholem Aleichem kọ le ju sinimá lọ. Nínú ìwé náà, Golde kú, Motel náà kú, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ sì kó sódò nítorí ìfẹ́. Ìwé yẹn kan náà ló mú Chava padà wálé ní ọjọ́ tí wọ́n ń palẹ̀ ẹrù mọ́, tí òǹkọ̀wé sì bi àwa tí à ń kà á léèrè ohun tó yẹ kí bàbá ṣe. Sinimá rọ gbogbo èyí lójú, kí àwọn òǹwòran lè jáde pẹ̀lú orin lẹ́nu.

ỌJỌ́ MẸ́TA WỌN, ỌJỌ́ MẸ́RÌNLÁ TIWA

Síbẹ̀, ìparí rẹ̀ ká mi lára gidigidi. Ọ̀gá ọlọ́pàá kan wà ní abúlé náà tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Tevye. Ó bá a yọ̀ nígbà tí ó gbọ́ pé ọmọ rẹ̀ fẹ́ lọ ilé ọkọ. Òun kan náà ló kó àwọn jàǹdùkú wá ba ìgbéyàwó náà jẹ́, tí wọ́n fọ́ ìgò, tí wọ́n ya tìmùtìmù. Òun kan náà ló gbé ìwé lílé wá. Ó ní àṣẹ ni, kì í ṣe ẹjọ́ òun. Àwọn àgbà ní ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó wá dọjọ́ ikú kó yẹrí. Ọ̀gá ọlọ́pàá yìí kì í ṣe ẹyẹlé.

Àwa náà kò ṣàjèjì sí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Busia ní ilẹ̀ Gánà ní kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú wá a láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, tàbí kí wọ́n kúrò. Àwọn ènìyàn wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Èjìgbò, Ọ̀fà, Ìlọrin, Ṣakí àti Ìgbòho ló pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣòwò ní Accra, Kumasi àti Tamale. Àwọn kan nínú wọn, ibẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí. Wọ́n ta ọjà ní ọ̀pọ̀, wọ́n fi gbèsè sílẹ̀ lọ́rùn oníbàárà, wọ́n gun ọkọ̀ wálé. Ẹni tí òbí rẹ̀ bá ti Gánà dé kò ní ka Anatevka sí ìtàn òkèèrè.

Ṣùgbọ́n kí á má fi irọ́ tan ara wa. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba tiwa lábẹ́ Ààrẹ Shehu Shagari ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé kúrò láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ Gánà ló di ẹrù lé orí, tó fi jẹ́ pé títí di òní “Ghana Must Go” ni a ń pe báàgì tí a fi ń kó ẹrù. Ọ̀gá ọlọ́pàá Anatevka lè wà nínú ẹnikẹ́ni.

Ní Warri níbí ńkọ́? Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ìfọpo bẹ̀rẹ̀ ní 1978, tí ilé-iṣẹ́ irin Aladja sì tẹ̀ lé e ní 1982, ọ̀pọ̀ nínú wa ló bá iṣẹ́ wá, tí àwọn mìíràn sì bá òwò wá. Ní 1997, wọ́n gbé olú ìjọba ìbílẹ̀ Warri South-West kúrò ní Ogbe-Ijoh lọ sí Ogidigben, ìjà bẹ́ sílẹ̀, ó tún padà ní 1999 àti 2003. Ìjà náà kì í ṣe tiwa, ṣùgbọ́n ọta ìbọn kì í béèrè orírun ẹni. Nínú irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, àna ẹni tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀ lè jẹ́ ilẹ̀kùn tí a ó bá wọlé.

ỌWỌ́ ÒSÌ ÀTI ỌWỌ́ Ọ̀TÚN

Ẹ jẹ́ kí á padà sí ọ̀rọ̀ Chava. Ní ọjọ́ ìkẹyìn, òun àti ọkọ rẹ̀ wá dágbére. Àwọn náà ń lọ, wọ́n ní àwọn kò lè gbé láàárín àwọn tó ń ṣe irú èyí sí ènìyàn. Tevye kò wo ojú wọn, ẹrù ló ń dì. Tzeitel ń dágbére fún àbúrò rẹ̀. Bàbá wá rọra fi ohùn ìsàlẹ̀ sọ fún Tzeitel pé kí ó gbàdúrà sí i pé kí Ọlọ́run wà pẹ̀lú wọn. Ìyẹn nìkan ni. Lẹ́yìn èyí, ọ̀kan gba Pólàńdì lọ, òmíràn gba Amẹ́ríkà, alárinà gba Jerúsálẹ́mù. Tevye kò mọ̀ bóyá òun yóò tún fojú kan ọmọ náà láyé.

Nítorí náà ni mo fi sọ pé bàbá wa ṣi í gbọ́. Sinimá yìí kò yin Tevye fún ilẹ̀kùn tó tì. Ó fi hàn wá bí ó ṣe ń wá bí yóò ṣe ṣí i nígbà tí ọjọ́ ti lọ, tí ẹrù ti wà nílẹ̀, tí kò sì lè ṣí i ju kíńkín lọ. Àwọn bàbá wa ní ọwọ́ òsì la fi ń bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Tevye ní kò sí ọwọ́ kejì mọ́. Yorùbá kò mọ bàbá ọlọ́wọ́ kan.

Ohun tí sinimá kò sì fi hàn wá ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìrìn náà. Ojú ọ̀nà ló parí sí, onígòjé ń tẹ̀ lé Tevye lẹ́yìn. Nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì Júù ló kúrò ní apá ibẹ̀ láàárín 1881 sí 1914. Àwọn tó dé New York dá ẹgbẹ́ ọmọ ìlú sílẹ̀, ìlú kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀. Wọ́n ń dá owó, wọ́n ń tọ́jú aláìsàn, wọ́n ń ra ilẹ̀ ìsìnkú fún ara wọn. Ṣé ẹ rí i pé ohun tí àwa náà ń ṣe nínú ẹgbẹ́ yìí ni? Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ-ọmọ wọn kò gbọ́ Yiddish mọ́. Ìyẹn ló yẹ kó dẹ́rù bà wá, ju ọkọ tí ọmọ mú wálé lọ. Ọmọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, tí wọ́n ń fi Píjìn bá a sọ̀rọ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, ta ni yóò dá lẹ́bi? Ọmọ Urhobo kọ́ ló gba èdè lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ wá sinimá yìí, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wà níbẹ̀, kí ìyá ilé náà jókòó títí yóò fi parí. Bí ó bá parí, kí bàbá má kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kí ó bi ìyá léèrè ohun tó rí. Àjò kò dùn títí kí onílé má relé. Bí ọjọ́ ilé bá sì yá, Olódùmarè kò ní jẹ́ kí ọmọ kan ṣẹ́kù sẹ́yìn tí a kò bá dágbére. Ọdún á yabo o. Àṣẹ.